Góòlù nìkan kọ́ ló ń gbé fọ́wọ́ọ̀dù họ́kì dúró

Ìyá kan ló kọ̀wé sí mi láti Kánádà. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rìnlá, wíńgà ló ń gbá nínú họ́kì orí yìnyín, ó ń jẹ góòlù gan-an, àwọn òbí yòókù ti ń pè é ní Iginla kékeré (Jarome Iginla, ìràwọ̀ NHL tí bàbá ẹ̀ ti Nàìjíríà wá), bàbá ẹ̀ náà sì ti ń ṣírò owó tí ò tíì wọlé. Ìyá yìí wá ní kí n ṣàlàyé fún òun bí iṣẹ́ fọ́wọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn tó ń gbá iwájú láti jẹ góòlù, ṣe máa ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìgbà wo lowó gidi máa ń bẹ̀rẹ̀, àti pé kí ló dé tí ẹni tó ń jẹ góòlù lọ́tùn-ún lósì lónìí fi máa ń di ẹni tí wọn ò dárúkọ ẹ̀ mọ́ láàárín ọdún mẹ́ta mẹ́rin.

Màmá, ẹ kú ìnáwó o, ẹ kú jíjí ní ìdájí gbé ọmọ lọ sórí yìnyín, mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ mú torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, tẹ́ ẹ bá ti mọ ìdáhùn ẹ̀, ìyókù á yé yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Jonathan Cheechoo fún yín. Ọmọ ẹ̀yà Cree, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ Kánádà, ni, láti Moose Factory ní Ontario, wíńgà ọ̀tún ni, San Jose Sharks ló ń gbá fún. Ní sáà 2005-06 ó jẹ góòlù 56, kò sẹ́ni tó jẹ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lọ́dún yẹn, wọ́n sì fún un ní ife-ẹ̀yẹ Rocket Richard. Ọdún tó tẹ̀lé e, góòlù 37. Èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn, 23. Lẹ́yìn ẹ̀, 12. Nígbà tó di 2009 wọ́n kó o mọ́ pàṣípààrọ̀ tí wọ́n bá Ottawa ṣe, níbẹ̀ góòlù 5 péré ló rí jẹ nínú game 61, bí NHL ṣe parí fún un nìyẹn, ó padà sí líìgì kékeré, nígbà tó yá ó kọjá sí Yúróòpù lọ gbá. Láti orí góòlù 56 sí ìgbà tí kò sáyè fún un mọ́, ọdún mẹ́rin ni.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nǹkan méjì ni. Ní ìparí oṣù kọkànlá 2005 ni San Jose gba Joe Thornton wá láti Boston, séńtà (fọ́wọ́ọ̀dù àárín) tí ojú ẹ̀ rí gbogbo orí yìnyín, tó jẹ́ pé á ti gbé puck (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá) dé ibi tó o máa wà kí ìwọ fúnra ẹ tó débẹ̀, Cheechoo kàn ní láti sá dé àyè ẹ̀ kó sì gbá a kíákíá, Thornton gan-an ló gba ife ẹni tó dáa jù ní líìgì lọ́dún yẹn. Èyí ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni pé ara bẹ̀rẹ̀ sí í fi Cheechoo sílẹ̀, ó ń ṣèṣe, ẹsẹ̀ ò yá bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé góòlù jíjẹ niṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ nínú tíìmù. Nígbà tí góòlù dín, kò sí iṣẹ́ míì tí kóòṣì lè tọ́ka sí pé torí èyí la fi máa fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Mi ò sọ ọ́ láti fi bú u o. Ẹni tó bá jẹ góòlù 56 nínú NHL ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀jẹ̀ ò lè ṣe láéláé. Ohun tí mò ń sọ ni pé góòlù ló máa ń gbé fọ́wọ́ọ̀dù wọlé, àmọ́ iṣẹ́ tí kóòṣì lè fọkàn tán an fún lọ́jọ́ tí góòlù ò wá, òun ló ń jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Fọ́wọ́ọ̀dù 12 ni tíìmù sábà máa ń wọṣọ fún nínú game kan, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń wọlé, séńtà kan pẹ̀lú wíńgà méjì, ìyẹn line mẹ́rin. Game jẹ́ ìṣẹ́jú 60, wọ́n sì ń pààrọ̀ ara wọn wéréwéré, shift kan, ìyẹn wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ torí tó bá ti kọjá ìyẹn itan á ti máa ta èèyàn bí iná. Ẹni tó wà ní line kìíní lè gbá tó ogún ìṣẹ́jú lápapọ̀, ti line kẹrin lè má ju mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Nínú gbogbo ẹ̀, ìgbà tí puck máa wà lórí ọ̀pá ẹ̀ gangan ò tó nǹkan, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ni, kódà fún àwọn ìràwọ̀. Ìyókù ńkọ́? Ìyókù ni kó lé dífẹ́ńsì ẹlòmíì dé igun kó má jẹ́ kó ríbi gbé puck jáde, kó sáré padà sẹ́yìn kíá nígbà tí wọ́n bá gba puck lọ́wọ́ tiwọn, kó wá ẹni tó yẹ kó mú kó sì mú un, kó fi ara ẹ̀ dí puck tó ń bọ̀ pẹ̀lú agbára, kó dúró níwájú gólì níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gún un lẹ́yìn tí wọ́n sì ń tì í, kó má sì kúrò. Tó bá wá jẹ́ séńtà, faceoff tún wà níbẹ̀, tí wọ́n bá ju puck sílẹ̀ láàárín èèyàn méjì, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbà níṣẹ́jú tó kẹ́yìn kì í wáṣẹ́ tì.

Patrice Bergeron ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kọ́mọ yẹn máa wò lórí fídíò. Boston Bruins nìkan ló gbá fún ní NHL, láti 2003 dé 2023, game 1,294. Ọdún tó jẹ góòlù jù láyé ẹ̀, 32 ni, ẹ gbọ́ dáadáa, kò dé 40 rí. Àmọ́ Selke, ife tí wọ́n ń fún fọ́wọ́ọ̀dù tó mọ ààbò ṣe jù, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló gbà á, kò sẹ́lòmíì tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Nípa báyìí nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ ò dín, torí pé ojú àti ọpọlọ ló ń fi ṣe é. Ẹ wo Pat Maroon náà, yíká kẹfà ni wọ́n mú un ní dráfùtì 2007, níbi tí àwọn tíìmù ti ń yan àwọn ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe eléré sísá, line ìsàlẹ̀ ló ti ń gbá lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ó gba Stanley Cup, ife tó ga jù ní NHL, ní 2019 pẹ̀lú St. Louis, ó tún gbà á ní 2020 àti 2021 pẹ̀lú Tampa Bay. Ọdún mẹ́ta tẹ̀lé ara! Àwọn tó ń jẹ góòlù ìlọ́po mẹ́ta tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọn ò rí ife yẹn fọwọ́ kàn rí.

Ó yá, ọ̀nà tí ọmọ máa ń gbà. Tó bá jẹ́ ìhà ìwọ̀ oòrùn Kánádà lẹ wà, WHL, líìgì junior (ti àwọn ọ̀dọ́), ló ń ṣe dráfùtì àwọn ọmọ lọ́dún tí wọ́n bá ń pé 15, tó túmọ̀ sí pé ti ọmọ yín ti kanlẹ̀kùn. Ontario ní OHL, Quebec àtàwọn ìpínlẹ̀ tó wà létíkun ìlà oòrùn ní QMJHL, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló para pọ̀ jẹ́ CHL. Láti ọmọ ọdún 16 sí 20 ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, kó tó lè wọlé gbá sáà kíkún lọ́mọ ọdún 15 ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àrà ọ̀tọ̀, irú ẹni bíi Connor McDavid tàbí Connor Bedard tí wọ́n fún láàyè àkànṣe. Game 68 ni WHL ń gbá ní sáà kan, bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń wọ̀ kiri, ọ̀nà jíjìn, òru, yìnyín, iṣẹ́ ilé ìwé lórí ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ló sì jẹ́ pé ilé ẹbí ẹlòmíì tí tíìmù wá fún wọn ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀yin òbí ò ní sí níbẹ̀. Ẹ ronú sí i kó tó di pé ẹnì kan gbé bébà wá pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i.

Nǹkan kan ti yí padà tó ṣe yín láǹfààní. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá ti gbá CHL pẹ́nrẹ́n, kò lè gbá họ́kì NCAA ní yunifásítì Amẹ́ríkà mọ́, torí náà àwọn òbí gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nígbà tí ọmọ ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2025 wọ́n ti ṣílẹ̀kùn yẹn. Gavin McKenna, wíńgà tó ń dá ariwo sílẹ̀ ní Medicine Hat, lọ́dún yẹn gan-an ló kọjá sí Penn State. WHL fúnra ẹ̀ náà sì máa ń san owó ilé ìwé gíga ọdún kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tọ́mọ bá gbá fún wọn. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá mú ọ̀nà kan èkejì ti bàjẹ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dráfùtì NHL, lọ́mọ ọdún 18. Tíìmù 32, yíká méje, ọmọ 224 láti gbogbo ayé, Sweden, Finland, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà, gbogbo wọn. Ọjọ́ ayọ̀ ni, ìdílé á wọ kóòtù, wọ́n á ya fọ́tò, àmọ́ kí wọ́n mú èèyàn ò tíì túmọ̀ sí pé ó ti níṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn 224 yẹn ò ní gbá game kan ṣoṣo ní NHL títí láé. Ibi tí wọ́n sábà máa ń lọ ni AHL, níbi tí tíìmù NHL kọ̀ọ̀kan ti ní tíìmù kékeré tó so mọ́ ọn, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ọkàn àwọn ọmọ iwájú máa ń bà jẹ́ jù. Ọmọ tó jẹ góòlù 50 ní junior á débẹ̀, kóòṣì á ní ìwọ line kẹta ni, kò sí power play (ìgbà tá a bá pọ̀ jù wọ́n lọ lórí yìnyín) fún ẹ, àmọ́ tí ẹni tiwa bá wà nínú àpótí ìjìyà, tá a kù mẹ́rin, ìwọ ni kó o wọlé lọ dí puck. Inú á bí i. Á pe éjẹ́ǹtì ẹ̀ pé wọn ò mọyì òun. Ọmọ míì á dákẹ́, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, oṣù mẹ́fà sí i ẹnì kan á ṣèṣe lókè, tí tíìmù ńlá bá wá bèèrè ẹni tí wọ́n lè fi sí line kẹrin lálẹ́ ọjọ́ kejì láìbẹ̀rù, ta ni kóòṣì AHL máa dárúkọ? Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe ọmọ tó ní ẹ̀bùn jù.

Ẹ̀yin lẹ dárúkọ Iginla, ẹ jẹ́ ká wá tọ ìtàn ẹ̀ dáadáa torí ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò sì rò pé àwọn tó ń fi pe ọmọ yín mọ gbogbo ẹ̀. Jarome Iginla, Adékúnlé wà nínú orúkọ ẹ̀, Elvis bàbá ẹ̀ ti Nàìjíríà wá sí Kánádà ni, Edmonton ni wọ́n bí ọmọ náà sí ní 1977. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọdún méjì àkọ́kọ́ tó fi gbá họ́kì, gólì ló ń ṣe? Grant Fuhr tó jẹ́ gólì aláwọ̀ dúdú fún Edmonton Oilers ló ń wò. Baseball náà ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ó gbá junior ní Kamloops, wọ́n gba Memorial Cup, ife CHL, ní 1994 àti 1995, Dallas mú un ní ipò 11 ní dráfùtì 1995, kò sì tíì gbá game kankan fún wọn tí wọ́n ti fi í pààrọ̀ Joe Nieuwendyk lọ́wọ́ Calgary ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Ọmọ ọdún 18, wọ́n ti tà á. Ẹ jẹ́ kọ́mọ yín mọ ìyẹn láti kékeré, pé nínú iṣẹ́ yìí wọ́n lè pe èèyàn lórí fóònù láàárọ̀ kó di ará ìlú míì lálẹ́.

Sáà àkọ́kọ́ ẹ̀, góòlù 21, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fún un ní ife ẹni tuntun tó dáa jù. Sáà kejì ńkọ́? Góòlù 13. Ó wálẹ̀. Ká ní òde òní ni, wọn ò bá ti kọ ọ́ káàkiri pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà 28, 29, 31, ìgbà tó wá di 2001-02 ó bú gbàmù, góòlù 52, òun ló jẹ góòlù jù, òun ló ní point jù (góòlù àti assist pa pọ̀, assist ni kéèyàn gbé puck fún ẹni tó jẹ góòlù), lọ́dún yẹn kan náà Kánádà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Olympic tí wọn ò rí gbà fún ọdún 50, òun ló jẹ méjì nínú márùn-ún tí wọ́n fi na Amẹ́ríkà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọdún mẹ́fà ló gbà á. Craig Conroy, séńtà tí ò gbajúmọ̀ tó o rárá, ló ń gbé puck fún un nígbà yẹn, àwọn méjèèjì ṣì jọ ń ṣiṣẹ́ ní Calgary báyìí, Conroy ni ọ̀gá tó ń ra tó ń tà, Iginla sì ni olùbádámọ̀ràn ẹ̀ láti 2023.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti 2010 ní Vancouver. Ìparí Olympic, Kánádà àti Amẹ́ríkà, àfikún àsìkò, góòlù tí Sidney Crosby jẹ tí gbogbo Kánádà fi jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ lọ wo fídíò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ gbójú kúrò lára Crosby. Iginla ló wà ní igun yẹn, dífẹ́ńsì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń ṣubú lọ, ó sì ti puck yẹn jáde kó tó balẹ̀. Ẹni tó ti jẹ góòlù 50 lẹ́ẹ̀mejì ní NHL, tó jẹ́ balógun tíìmù tiẹ̀, iṣẹ́ igun ló ṣe nígbà tó le jù. Ohun tí kóòṣì ń rí nìyẹn tí wọ́n bá ń sọ pé fọ́wọ́ọ̀dù kan pé.

Nígbà tó kúrò ní Calgary ní 2013 ó ti lé ní 35. Ó gbá díẹ̀ fún Pittsburgh, ó lọ sí Boston ó tún jẹ góòlù 30 níbẹ̀, ó lọ sí Colorado, ó parí ẹ̀ sí Los Angeles ní 2017. Game 1,554, góòlù 625, assist 675. Kò gba Stanley Cup rí, Tampa Bay ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ní game keje ìparí ọdún 2004. Wọ́n gbé nọ́ńbà 12 ẹ̀ sókè ní Calgary ní 2019, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n yàn sí Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni họ́kì, ní 2020. Ọmọ ẹ̀ Tij, ipò kẹfà ni Utah mú un ní dráfùtì 2024.

Nínú tíìmù Tampa yẹn ni Martin St. Louis wà. Kò sí tíìmù kan tó mú un ní dráfùtì nígbà tó jẹ́ ọmọdé, wọ́n ní ó kúrú jù, Calgary yìí kan náà ti ní in lọ́wọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ ní 2000. Ní 2004 ó jẹ́ ẹni tó ní point jù ní líìgì, òun náà ló jẹ góòlù tó gba Tampa là ní game kẹfà nínú ilé Calgary, ó tún wá ṣe ipò kìíní nínú point lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2013, ọmọ ọdún 37. Kirill Kaprizov náà, ipò 135 ni Minnesota ti mú un ní 2015, ní oṣù kẹsàn-án 2025 ó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́jọ, mílíọ̀nù 136 dọ́là. Torí náà tí dráfùtì WHL bá kọjá tí wọn ò pe orúkọ ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá ẹ̀ dá a lóhùn bíi pé ẹnì kan kú.

Ó yá ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó tí bàbá ẹ̀ ń ṣírò yẹn. Kọ́ńtíráàtì àkọ́kọ́ fún ọmọ kékeré, ọdún mẹ́ta ni, líìgì ti fi òté lé iye tí owó oṣù ibẹ̀ lè jẹ́, ìràwọ̀ bó ṣe wù kó mọ́lẹ̀ tó kò lè kọjá ẹ̀. Ní sáà 2025-26 ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù ní NHL ń gba 775,000 dọ́là lọ́dún, tíìmù kan ò sì lè ná ju mílíọ̀nù 95.5 lọ lórí gbogbo àwọn tó ń gbá fún un, tó fi jẹ́ pé tí tíìmù bá fún ìràwọ̀ kan lówó gọbọi, ara àwọn line kẹta àti ìkẹrin ni wọ́n á ti yọ ọ́, ibẹ̀ lọmọ tó pọ̀ jù sì wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun tún máa ń gba kọ́ńtíráàtì oníhà méjì, lọ́jọ́ tó bá wà lókè wọ́n á san ti NHL fún un, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a padà sí AHL owó á wálẹ̀ bí ẹni já látorí àjà. Wọ́n á yọ ti éjẹ́ǹtì, owó orí á lọ, líìgì náà á kọ́kọ́ di apá kan mú títí wọ́n fi máa ṣírò owó tó wọlé, torí pé ìdajì-ìdajì ni àwọn tó ni tíìmù àti àwọn tó ń gbá a ń pín in. Ohun míì tí èèyàn ò mọ̀ ni pé sáà gangan ni wọ́n ń san owó oṣù fún, tó bá di playoff, ìdíje fún ife lẹ́yìn sáà, níbi tí ara ti ń bó jù, owó kan wà tí líìgì yà sọ́tọ̀ tí wọ́n á pín, owó oṣù ti tán.

Owó tí ń yí ìgbésí ayé padà, kọ́ńtíráàtì kejì àti ìkẹta ni. Kó tó lè lọ sí tíìmù tó wù ú láìsí ìdíwọ́, ó sábà máa ń di pé kó pé ọdún 27 tàbí kó ti gbá sáà méje. Ẹ wá wo ìṣòro tó wà níbẹ̀: àárín ọdún ogún sí ọgbọ̀n ni agbára góòlù fọ́wọ́ọ̀dù máa ń ga jù, ìgbà tí wọ́n máa wá fún un lówó ńlá, ó ti ń sún mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń dín. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i tí àwọn olólùfẹ́ tíìmù ń bú ẹni tó gba owó ńlá lọ́mọ ọdún 29, owó iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn ni wọ́n san fún un lọ́jọ́ iwájú. Tí tíìmù bá sì fẹ́ rán ẹni tó ti pẹ́ díẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé orúkọ ẹ̀ síta fún wákàtí 24, tíìmù èyíkéyìí nínú 31 yòókù lè mú un, ìyàwó àtọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ilé.

Ara ńkọ́. Game 82 nínú sáà tí wọ́n ń gbá bọ̀ látọjọ́ yìí, kí playoff tó bẹ̀rẹ̀, ikùn, orúnkún, èjìká, eyín. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni orí. Marc Savard tó jẹ́ séńtà Boston, wọ́n gbá a lórí ní oṣù kẹta 2010, ó gbìyànjú àtipadà, oṣù kìíní 2011 ló gbá game tó kẹ́yìn, ọmọ ọdún 33 péré. Paul Kariya náà, orí ló lé e kúrò lórí yìnyín. NHL ti ṣe òfin lórí kéèyàn máa dójú sọ orí ẹlòmíì láti 2010, ó sì dáa, àmọ́ kò tíì tán. Tí ọmọ yín bá forí gbá nǹkan, tó ń sọ pé ojú òun ń ṣú tàbí iná ń dun òun lójú, kò sí game tó ṣe pàtàkì tó láti dá a padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tí kóòṣì bá yarí, ẹ̀yin náà ẹ yarí.

Ẹ ò bèèrè nípa àwọ̀ ara, àmọ́ mi ò lè fò ó. Willie O'Ree ló kọ́kọ́ gbá NHL nínú àwa aláwọ̀ dúdú, 18 oṣù kìíní 1958, Boston, wíńgà ni òun náà, ojú ọ̀tún ẹ̀ ò sì ríran. Ọ̀nà ti là jìnnà sí tìgbà yẹn. Síbẹ̀ Akim Aliu, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, fọ́wọ́ọ̀dù tí Chicago mú ní yíká kejì ní 2007, game 7 péré ló gbá ní NHL. Ní 2019 ó sọ ọ́ síta pé kóòṣì òun kan ní líìgì kékeré pe òun lórúkọ ìwọ̀sí nítorí àwọ̀ òun, kóòṣì yẹn sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù tó parí. Ọmọ tó ti ń gbé nínú ilé ẹlòmíì lọ́mọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun lè pe ilé lóru, wọ́n á sì gba òun gbọ́.

Tí NHL bá parí tàbí tí ò bá wáyé rárá, iṣẹ́ ṣì wà. Sweden, Finland, Switzerland, Jámánì, Czech, gbogbo wọn ló ní líìgì tí wọ́n ti ń sanwó tó ṣe é jẹun, fọ́wọ́ọ̀dù tó mọṣẹ́ lè gbá níbẹ̀ títí á fi lé ní 35. Jaromir Jagr kúrò ní NHL pẹ̀lú point 1,921, ó padà sílé lọ gbá fún Kladno títí ó fi lé ní 50. Ìyẹn ti kọjá ohun tí mo lè ní kẹ́nikẹ́ni máa retí o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀nà pọ̀.

Ní ti ọmọ yín, lọ́dún yìí, nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbá nǹkan míì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀lù, sáré-sáré, ohun tó bá wù ú, kó jìnnà sí yìnyín fún ìgbà díẹ̀ kí ìbàdí ẹ̀ sinmi. Ìkejì, kó máa gbá séńtà nígbà míì tí kóòṣì bá gbà, kó kọ́ faceoff, torí séńtà lè di wíńgà wẹ́rẹ́, wíńgà tó máa di séńtà lọ́mọ ọdún 20 á rí pupa ojú. Ìkẹta, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ bá kóòṣì ẹ̀ níkọ̀kọ̀, ẹ má bi í pé ṣé ọmọ mi máa dé NHL, ẹ bi í pé: tí ẹ bá fi góòlù kan ṣáájú wọn, tó ku ìṣẹ́jú kan, ṣé ọmọ mi wà lára àwọn tẹ́ ẹ máa rán wọlé? Tó bá ní rárá, ẹ bèèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fídíò game méjì, shift ẹ̀ látòkèdélẹ̀ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé góòlù nìkan sínú ẹ̀, màá wò ó, màá sì sọ ohun tí mo bá rí fún yín.